Nígbà Tí Bẹ́ńṣì Wa Dákẹ́

Nígbà tí mo kéré, tí orí mi ò tíì ga ju ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ bàbá mi lọ, mo gbà pé òkun ló ni abúlé wa, pé ńṣe ló kàn yá wa ní ilẹ̀ díẹ̀ láti máa sùn sí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ dé ayé bá títì ọlọ́dà àti géètì onírin, ẹ ò lè mọ bí ibí yìí ṣe rí nígbà náà. Bí o bá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa tí o kọjú síwájú, òkun ni. Bí o bá kẹ̀yìn, ọ̀sà ni. Igi àgbọn ló wà láàrin, àti àwa. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí Èkó á wọ ọkọ̀ ojú omi láàárọ̀ kùtù, bí afẹ́fẹ́ bá sì ṣe é lóore, á débẹ̀ lọ́sàn-án. Ajah tí ẹ ń pè ní ìgboro lónìí, ẹsẹ̀ la fi ń rìn lọ síbẹ̀ lọ ná ọjà, tí a ó sì ti máa ronú bí a ó ṣe padà kí iyanrìn tó gbóná mọ́ wa lẹ́sẹ̀.

Ẹ bá mi pa tẹlifíṣọ̀n yẹn, kí ẹ jókòó dáadáa. Ọ̀rọ̀ ilé ìwé ni mo fẹ́ sọ fún yín. Mo ní ìdí tí mo fi fẹ́ sọ ọ́ lónìí, kì í ṣe lọ́la, ẹ ó sì gbọ́ ìdí náà bí mo bá sọ ọ́ dé ibẹ̀.

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí a gba òmìnira nígbà tí wọ́n dá ilé ìwé sílẹ̀ ní abúlé wa. Bí mo bá ní ilé ìwé, kí ẹ má ro ilé alájà. Òpó igi àgbọn ló dúró, imọ̀ àgbọn ni wọ́n fi bo orí rẹ̀, iyanrìn sì ni ilẹ̀. Kí wọ́n tó fún wa ní síléètì, ìka la fi ń kọ lẹ́tà sí ilẹ̀, tí a ó sì fi àtẹ́lẹsẹ̀ pa á rẹ́. Bẹ́ńṣì nìkan ni nǹkan gidi tó wà níbẹ̀, àwọn òbí wa ló sì kàn wọ́n. Bàbá mi tú ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́ tó ti ń jò, ó fi pákó rẹ̀ kan bẹ́ńṣì méjì. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń pín wa sí àyè, mo figbe bọnu pé ọ̀kan nínú méjèèjì ni mo fẹ́, wọ́n sì fún mi kí n lè jẹ́ kí etí wọn sinmi. Nígbà òjò, òórùn ẹja á máa jáde lára rẹ̀, inú mi á sì máa dùn bí ẹni pé bàbá mi tẹ̀lé mi wá sí ilé ìwé.

Ẹni méjì méjì ló ń jókòó lórí bẹ́ńṣì. Ẹnìkejì mi ni ọmọbìnrin kan tí ilé wọn wà lẹ́yìn tiwa, ọmọ ọdún mẹ́jọ bíi tèmi. Ẹ mọ̀ ọ́n. Òun ni ìyá àgbà tó máa ń pè mí lórí fóònù lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, tí ẹ máa ń sọ pé ohùn rẹ̀ ń ta kọjá ògiri. Bó ṣe wà láti kékeré nìyẹn. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹyẹ ẹ̀gà. Kí tíṣà tó kọ́ ìlà kan tán sójú pátákó, ó ti sọ fún mi nípa ewúrẹ́ tó jẹ ìborùn ìyá rẹ̀, ó ti sọ nípa alákàn tó há mọ́ inú ìkòkò, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Èmi kì í sọ púpọ̀. Èmi ni mo máa ń rẹ́rìn-ín, òun sì ni wọ́n máa ń nà.

Tíṣà wa kì í ṣe ọmọ etí òkun. Ará òkè ni, láti ibi tí iṣu ti pọ̀, egungun ẹja sì máa ń bà á lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ìyá wa fi ń bá a ṣà á kúrò bí ìgbà tí wọ́n ń fún ọmọ ọwọ́ lóúnjẹ. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbà pé láìsí pàṣán, ẹ̀kọ́ kò lè wọ orí ọmọdé. Kì í ṣe òǹrorò o. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, wọ́n kàn rán an wá síbi tí kò ti mọ ẹnì kankan, kò sì tíì pé oṣù mẹ́ta láàrin wa nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀, bàbá mi fẹ́ lọ wo ìwọ̀ tó dẹ sínú òkun. Mo tẹ̀lé e dé etí omi, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé mi dání. Ó gbé mi, ó gbé mi kalẹ̀ sínú ọkọ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó ní kí n gbá àjẹ̀ mú kí n wò ó bóyá mo lágbára. Lẹ́yìn náà ó tún gbé mi sọ̀ kalẹ̀ sórí iyanrìn, ó ti ọkọ̀ wọ omi. Kí ẹ rántí ìyẹn, torí èmi fúnra mi gbàgbé rẹ̀ nígbà tó yá.

Ọkọ̀ padà wá ní ọjọ́ kejì, ó dojú dé. Àjẹ̀ náà padà. Bàbá mi nìkan ni kò padà.

Ní abúlé tiwa, ẹni tí òkun bá mú tí a kò rí òkú rẹ̀, a kì í pè é ní òkú títí òjò ọdún yẹn yóò fi dá. A ó ní ó lọ sí ìdí ìwọ̀. A kì í sunkún rẹ̀, a kì í kí ìyàwó rẹ̀ kú ará fẹ́ra kù, a kì í ká ẹní rẹ̀ nílẹ̀. Bí wọ́n bá fa àwọ̀n ní etí òkun, ìpín ẹja tirẹ̀ á ṣì máa jáde. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá kọ́kọ́ sunkún rẹ̀ ló pa á. Nítorí náà ìyá mi kò sunkún. Ó ń tẹ́ ẹní bàbá mi ní ìrọ̀lẹ́, ó ń fi oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ igbá, láàárọ̀ ó ń da oúnjẹ náà fún adìyẹ. Ẹnu rẹ̀ kàn pa. Bó bá fẹ́ kí n bu omi wá, á nawọ́ sí ìkòkò. Bó bá fẹ́ kí n wá jẹun, á nawọ́ sí abọ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ ni mo padà sí ilé ìwé. Mo sáré lọ o. Ilé ti ká mi lára, mo fẹ́ gbọ́ ohùn èèyàn. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì wa, mo kọjú sí ọ̀rẹ́ mi kó bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ó wò mí, ó la ẹnu, ó pa á dé, ó sì doríkodò sórí síléètì rẹ̀. Mo rò pé inú ń run ún. Nígbà ìsinmi, àwọn ọmọbìnrin ń ṣe tẹ́ńtẹ́ lábẹ́ igi. Bí mo ṣe ń sún mọ́ wọn ni àtẹ́wọ́ ń rọlẹ̀, bí mo ṣe dé àárín wọn, ẹnu gbogbo wọn pa mẹ́. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká ṣe é. Ọ̀kan ní òun fẹ́ lọ mumi, òmíràn ní òun náà fẹ́ lọ mumi. Ó ku èmi nìkan lórí iyanrìn.

Bó ṣe rí lọ́jọ́ kejì nìyẹn, àti lọ́jọ́ kẹta. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ lè rí ọmọdé tí wọ́n ń bú, ẹ lè gbà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi, kò sẹ́ni tó bú mi. Kò sẹ́ni tó tì mí. Wọ́n kàn ń yí mi ká bí omi ṣe ń yí òpó ká. Mo gbìyànjú láti fa ìjà, kí ẹnì kan lè tiẹ̀ bú mi padà. Mo fa irun ọmọ kan. Ó wò mí, omi lé ròrò sójú rẹ̀, ó yí padà, ó lọ.

Ní ọjọ́ kẹrin ni oúnjẹ bẹ̀rẹ̀. Mo dé bẹ́ńṣì, mo bá eérún àgbọn nínú ewé ní àyè mi. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, kò sẹ́ni tó ní òun ló gbé e síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹja ṣáwá yíyan méjì. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀pà. Bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó sọ pé "gbà". Ẹ wò ó, ní etí òkun wa nígbà náà, mo ti rí i bí àwọn àgbà ṣe ń gbé oúnjẹ lọ sí etí omi fún àwọn tó ti lọ. Wọn á gbé e kalẹ̀, wọn ò ní sọ̀rọ̀, wọn ò sì ní wẹ̀yìn. Mo jókòó ti ẹ̀pà yẹn, mo ń wò ó, ọ̀rọ̀ kan sì wọ inú orí mi tí ó dúró síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Mo bi ara mi pé, àbí èmi ni mo kú?

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó ń bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ń gbé oúnjẹ fún mi láì sọ̀rọ̀. Ìyá mi ń nawọ́ sí mi bí ẹni tó ń lá àlá. Mo wá rántí pé bàbá mi gbé mi sínú ọkọ̀ lárọ̀ ọjọ́ yẹn, pé mo gbá àjẹ̀ mú. Bóyá ó gbé mi sọ̀ kalẹ̀, mi ò rántí rẹ̀ mọ́. Bí mo ṣe ń gbìyànjú tó láti rántí ẹsẹ̀ mi lórí iyanrìn, omi nìkan ni mo ń rí. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè bi ẹnikẹ́ni. Ta ni mo fẹ́ bi, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń dá mi lóhùn?

Mo ní kí n dán an wò. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ń fa àwọ̀n ní etí òkun. Òfin àwọ̀n kò le: ọwọ́ tó bá kan okùn, ó gbọ́dọ̀ kan ẹja. Ì báà jẹ́ ọmọdé, ì báà jẹ́ àlejò, bó bá ti fa okùn, wọ́n á fún un ní ìpín. Mo mọ̀ pé òkú kò lè fa okùn. Mo wọ àárín wọn, mo gbá okùn mú, mo fà á títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi bó. Wọ́n ń kọrin, mo ń gbe orin náà, kò sì sẹ́ni tó yíjú sí mi. Nígbà tí àwọ̀n gúnlẹ̀, olórí àwọ̀n, bàbá arúgbó kan tí ohùn rẹ̀ máa ń borí ìró ìgbì, ń pín ẹja sínú igbá kálukú. Ó dé ọ̀dọ̀ mi. Ó bu ìpín mi sínú igbá mi. Inú mi ti fẹ́ máa dùn. Ó tún bu òmíràn, tó pọ̀ ju tàkọ́kọ́ lọ, ó dà á lé e lórí, kò wo ojú mi, ó sì kọjá.

Mo mọ ìpín ta ni ìkejì. Ìpín bàbá mi ni. Bàbá mi ò fa okùn lọ́jọ́ yẹn, ẹja rẹ̀ sì jáde. Nítorí náà, ẹni tí kò sí níbẹ̀ náà lè ní ìpín. Ẹ̀rí mi bàjẹ́. Mo ru igbá ẹja lọ sílé, ó wúwo ju bó ṣe yẹ lọ, mo sì rò pé bó bá ṣe pé mo wà láàyè ni, ẹnì kan ì bá ti bá mi gbé e.

Láti ọjọ́ Mọ́ńdè, mi ò jẹ́ ìpè mọ́. Tíṣà á ṣí rẹ́jísítà, á pe orúkọ kálukú, ọmọ á dáhùn "Mo wà, sà". Ó pe orúkọ mi, mo dákẹ́. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa láti kékeré pé ẹni tó ti lọ, bí wọ́n bá pè é, kì í jẹ́. Tíṣà gbójú sókè, ó rí mi, ó máàkì rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì bákan náà. Lọ́jọ́ kẹta, ó rò pé mò ń ṣe orí kunkun. Ó ní kí n jáde síwájú, kí n na ọwọ́. Mo na ọwọ́ tí okùn ti bó. Ó gbé pàṣán sókè, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ó dùn mí. Áà, ó ta mí wọ egungun. Mo sì bú sẹ́rìn-ín.

Inú mi dùn, ṣé ẹ gbọ́? Òkú kì í mọ ìrora pàṣán. Mo ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú mi, mo tún na ọwọ́ kejì fún un. Tíṣà fi pàṣán sílẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ mi dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́, ó rí i bó ṣe bó, ó sì di ọrùn ọwọ́ mi mú jẹ́jẹ́, ó mú mi jáde lọ sábẹ́ igi fúrúùtù tó wà lẹ́yìn ilé ìwé. Ó jókòó sílẹ̀ lórí iyanrìn pẹ̀lú ṣòkòtò funfun rẹ̀. Ó bi mí pé kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Èmi náà bi í ní ìbéèrè tèmi. Mo ní, "Sà, ṣé ẹ ń rí mi?"

Ó ní, "Mò ń rí ẹ. O jókòó sí iwájú mi, ọwọ́ rẹ wà nínú ọwọ́ mi."

Mo wá tú gbogbo rẹ̀ fún un, oúnjẹ, àjẹ̀, ìpín méjì, bí mi ò ṣe rántí bóyá mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Àjèjì ni, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún un. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ló ń mi orí. Nígbà tí mo sọ tán, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Tíṣà, lọ́wọ́ ọmọdé! Nígbà ayé wa, mi ò tíì rí irú rẹ̀ rí. Mo fẹ́ sá fún un.

Lọ́jọ́ kejì, kò ṣí rẹ́jísítà. Ó ní kí gbogbo wa fi síléètì sílẹ̀, ó sì béèrè láìfi pàṣán dání pé kí ló dé tí kò sẹ́ni tó ń bá mi sọ̀rọ̀. Ìgbì nìkan là ń gbọ́. Ìgbà tó yá, ọ̀rẹ́ mi dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ó ní, "Sà, ìyá wa ní a ò gbọdọ̀ sọ ohunkóhun tó bá kan bàbá ẹ̀ níwájú ẹ̀. Wọ́n ní tó bá sunkún, bàbá ẹ̀ ò ní lè padà wá mọ́. Mo wá ń wá ọ̀rọ̀ tí ò kan bàbá ẹ̀. Mi ò rí. Tí mo bá sọ ẹja, ó kàn án. Tí mo bá sọ òjò, ó kàn án. Bẹ́ńṣì tí a jókòó lé yìí gan-an, pákó ọkọ̀ bàbá ẹ̀ ni. Ẹ̀rù ń bà mí, ni mo bá dákẹ́. Àgbọn yẹn, èmi ni mo ń gbé e síbẹ̀."

Ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹyẹ ẹ̀gà, ó ti wá gbogbo ayé, kò rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó lè bá mi sọ. Òmíràn dìde, ó ní òun ni òun gbé ẹ̀pà. Òmíràn ní òun ni ẹja. Wọn ò kórìíra mi. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ìyá wọn fi kìlọ̀ fún wọn nítorí ìfẹ́, wọ́n gbé e tọ́wọ́ tẹsẹ̀ bí ọmọdé ṣe máa ń gbé nǹkan, wọ́n sì fi ìfẹ́ náà sin mí láàyè.

Tíṣà ní, "Mi ò ní kí ẹ sọ pé ó kú. Èmi ò mọ̀. Kí ẹni tó bá mọ nǹkan kan nípa bàbá rẹ̀ sọ ọ́." Wọ́n kọ́kọ́ ń wo ara wọn. Ọmọ kan ní bàbá mi fún òun ní alákàn rí, ó sì dè é lẹ́sẹ̀ kó má bàa já òun jẹ. Òmíràn ní ó máa ń kọrin, ṣùgbọ́n kò mọ ọ́n kọ. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, torí òótọ́ ni. Ọmọ kan tí mi ò mọ̀ dáadáa ní lọ́jọ́ tí omi kún, ó gbé òun kọjá ní èjìká. Mo ń gbọ́ orúkọ bàbá mi lẹ́nu wọn, ó ń bọ́ sí mi lára bí oúnjẹ ṣe ń bọ́ sínú ẹni tí ebi ti pa. Mo sunkún. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ tó ti lọ. Ọ̀rẹ́ mi gbá mi mú, òun náà ń sunkún, a sì gbàgbé àtijẹun ọ̀sán.

Ẹkún yẹn dé abúlé kí àwa tó dé. Ní ìrọ̀lẹ́, olórí àwọ̀n àti àwọn àgbà méjì dúró níwájú ilé tí wọ́n fi tíṣà wọ̀ sí. Wọ́n ní àjèjì ti mú kí ọmọ sunkún bàbá rẹ̀, pé ó ti pa á. Wọ́n ní kó di ẹrù rẹ̀, ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó bá ń lọ sí Èkó lárọ̀ ọ̀la, kó bá a lọ. Tíṣà kò jiyàn. Ó kàn dúró síbẹ̀, ó di ọwọ́ sẹ́yìn. Mo ń wò ó láti ẹ̀yìn ògiri. Ẹnì kan ṣoṣo tó sọ fún mi pé òun ń rí mi, wọ́n fẹ́ lé e lọ. Bó bá lọ, mo mọ̀ pé bẹ́ńṣì wa yóò tún dákẹ́.

Ìyá mi ló jáde. Ó rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó lọ kúnlẹ̀ fún olórí àwọ̀n lórí iyanrìn. Ohùn rẹ̀ ti há nítorí kò lò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tíṣà sílẹ̀. Ọmọ mi rò pé òun ti kú, èmi tí mo bí i ò sì mọ̀. Tí ẹkún ọmọdé bá lè pa ọkọ mi, a jẹ́ pé òkun ti pa á ṣáájú." Lẹ́yìn náà ó kọjú sí mi níbi tí mo sá pamọ́ sí, ó ní, "Wá. Kí ni wọ́n sọ nípa bàbá ẹ nílé ìwé?"

Mo sọ ọ́. Nígbà tí mo dé ibi orin tí kò mọ ọ́n kọ, ìyá mi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún, ó dà á sílẹ̀ gbogbo. Kò sẹ́ni tó ní kó dákẹ́. Olórí àwọ̀n wo òkun. Lẹ́yìn náà ó fi ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó, ó ní òun lòun kọ́ bàbá mi bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, pé ẹ̀rù omi máa ń bà á tó bẹ́ẹ̀ tó fi gé òun jẹ ní apá. Ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó fi ojú àpá náà hàn wá.

Tíṣà kò lọ. Bàbá mi kò padà. Nígbà tí òjò dá, wọ́n ṣe àdúà fún un, a ká ẹní rẹ̀. Láti ìgbà náà, kí tíṣà tó ṣí rẹ́jísítà láàárọ̀, á bi wá pé kí ló wà nínú wa lọ́jọ́ náà, ẹni tó bá fẹ́ sọ á sọ, ẹni tí kò bá fẹ́ á mi orí. Kò mú ìdánìkanwà kúrò lára mi tán o, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Fún bí ọdún kan, ẹ̀rù yẹn ṣì máa ń dé lójijì láàrin ìṣirò. Màá fọwọ́ kan ọ̀rẹ́ mi, á já mi léèékánná lápá, á ní, "O wà níbí." Èmi náà á ní, "Mo wà níbí." Òun nìkan ló mọ ìdí rẹ̀. Títí dòní, bó bá pè mí lórí fóònù, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ nìyẹn kó tó kí mi: "Ṣé o wà níbẹ̀?"

Ayé ti yí padà. Ibi tí ilé ìwé wa wà, ògiri ilé ńláńlá ló wà níbẹ̀ báyìí, ẹ̀ṣọ́ sì wà lẹ́nu géètì tó ń bi mí pé ta ni mò ń wá. Ọ̀nà òkun tí mo ń sáré gbà, wọ́n ti dí i. Mo máa ń rí àwọn ọmọ ilé ìwé nínú mọ́tò, gíláàsì wà lókè, kálukú wọn dá jókòó sẹ́yìn. Wọ́n ní nílé ìwé ọmọ yín, obìnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa bá ọmọ tí inú rẹ̀ bàjẹ́ sọ̀rọ̀. Ó dára, mo gbóríyìn fún wọn. Tíṣà tiwa kò kọ́ ọ níbì kankan, pàṣán rẹ̀ ló kọ́ ọ, ó sì dùn ún títí tó fi kúrò ní abúlé wa.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò yí padà, òun sì ni mo torí ẹ̀ ní kí ẹ jókòó.

Ó di Jímọ̀ méjì tí ọ̀rẹ́ mi kò pè mí. Ẹ ní fóònù mi bàjẹ́, pé ó wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe. Bí mo bá wọ pálọ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹ ń sọ á já. Lánàá, ẹnì kan nínú yín gbé àgbọn díndín tí mo fẹ́ràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, kò sọ̀rọ̀, ó sì jáde láì wẹ̀yìn. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo mọ ìdákẹ́jẹ́ yìí. Mo ti jókòó nínú rẹ̀ rí. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà yín nítorí ọkàn mi tí dókítà ń sọ. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Mi ò bínú.

Ṣùgbọ́n mo ti dàgbà jù láti tún jókòó ti oúnjẹ kí n máa bi ara mi pé ta ló kú nínú àwa méjèèjì.

Nítorí náà, ẹ sọ ọ́ fún mi bó ṣe jẹ́, àti ọjọ́ tó lọ, àti ibi tí wọ́n sin ín sí. Mo máa sunkún, ẹ jẹ́ kí n sun ún. Lẹ́yìn náà, kí olúkúlùkù yín sọ ohun kan tó mọ̀ nípa rẹ̀, ì báà jẹ́ ariwo rẹ̀ lórí fóònù. Ẹ má wojú ara yín mọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀.

Mo wà níbí.